Iyọ̀ Lẹ́nu Àlejò

Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá, iyọ̀ kì í gbẹ́yìn nínú àwọn ohun tí a fi ń wúre. Àgbà tí ó ń darí ètò náà yóò mú díẹ̀, yóò fi kan ọmọ tuntun lẹ́nu, yóò sì gbàdúrà pé kí ayé ọmọ náà dùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ìdí rẹ̀ kí a tó là á yé e. Iyọ̀ ni ó ń mú ọbẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni etí wa kì í gbọ́ iyọ̀ kí ó má gbọ́ ayọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó ti ara wọn bí ọmọ ìyá. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí, n kò sì rò ó rí pé ó lè kó mi sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó kó mi sí i ní ìlú òkèèrè kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́.

Kí n tó ròyìn ọjọ́ náà, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí èdè Sípáníìṣì. Ní Madrid, olú ìlú Sípéènì, ni mo ti kọ́ ọ fún ọdún kan gbáko. Èdè inú ìwé ni olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ wa pé alegría ni ayọ̀, tristeza ni ìbànújẹ́, enfado sì ni ìbínú. A kọ wọ́n sílẹ̀, a há wọn sórí. Ṣùgbọ́n n kò tíì lo oṣù méjì láàrin àwọn ènìyàn náà tí mo fi ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dà bí aṣọ ọdún: inú àpótí ni wọ́n máa ń wà, wọn kì í wọ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Bí inú ará ilé bá dùn sí ará ilé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ń gbọ́.

Àwa Yorùbá, inú ni a kó púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí sí. Inú wa a máa dùn, inú a máa bí wa, inú wa a sì máa bàjẹ́. Àwọn ará Sípéènì kò ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ṣa tiwọn jọ: láti agbo ijó, láti ìgbẹ́ ọdẹ, láti ilé ìdáná, àní láti ọmú ìyá. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn púpọ̀, wọn a ní inú rẹ̀ dùn ju castañuelas lọ. Castañuelas ni igi pẹlẹbẹ méjì tí oníjó ń so mọ́ àtàǹpàkò, tí ó ń fi ìka lù pọ̀ tí wọ́n fi ń ró kákákáká. Bí ìtàn àlọ́ wọn bá sì ń parí lọ, ohun tí a óò gbọ́ ni pé ọkọ àti ìyàwó náà gbé inú ayọ̀, wọ́n sì ń jẹ perdices, ìyẹn àparò. Mo rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Àparò tí àwa mọ̀ ni èyí tí kò ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ àfi bí ó bá gun orí ebè. N kò mọ̀ pé ó lè di ẹ̀rí ìgbádùn. Ṣùgbọ́n felices, tí í ṣe ẹni ayọ̀, àti perdices bá ara wọn mu létí wọn gẹ́gẹ́ bí ayọ̀ àti iyọ̀ ṣe bá ara wọn mu létí wa, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ti ẹni tí ó jí pẹ̀lú ojú líle, tí ó ń kanra mọ́ ará ilé, wọn a ní mala leche ni ó ń dà á láàmú, ìyẹn wàrà burúkú. Àwọn ará àtijọ́ gbà pé ìwà a máa bá ọmú wọ inú ọmọ. Ọmọ tí ó bá mu wàrà burúkú, ìwà burúkú ni yóò hù.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni salao. Salado ni ìwé ń kọ ọ́, ohun tí a fi iyọ̀ sí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ará ọjà a máa gbé d inú rẹ̀ mì. Obìnrin kan tí ó ń ta ẹja nítòsí ilé tí mo wọ̀ sí ni ó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ná ẹja rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ná ẹja lọ́jà Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Mo ní pẹ̀lú iye tí ó ń pè yìí, ṣé òun àti òkun ni wọ́n jọ ń pín èrè ni? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní: “¡Qué salao!” Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Ó ní ní Sípéènì, pàápàá ní Andalucía ní ìhà gúúsù, ẹni tí ó ní iyọ̀ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, tí ó mọ ẹ̀fẹ̀, tí ènìyàn kì í fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tí ó bá ẹbí rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà àjò. Mo ní Yorùbá àti Sípéènì ti fi ẹnu kò lórí iyọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì fi báírò pupa fàlà sí i nídìí.

Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ń kún sí i, nítorí pé àwọn tí a jọ yá yàrá nínú ilé kan náà wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tí Sípéènì ti jọba lé lórí rí. Ará Ajẹntínà kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń ní òun wà chocho bí inú rẹ̀ bá dùn. Onílé wa, tí í ṣe ọmọ Madrid, a máa wò ó tìyanu-tìyanu, nítorí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀ arúgbó tí ó ti ń ṣarán ni à ń pè ní chocho. Ará Ajẹntínà yìí kan náà a tún máa ní inú òun dùn bí ajá onírù méjì. Ẹni tí ó bá ti rí ajá tí ó ń jùrù nígbà tí olówó rẹ̀ wọlé dé yóò gbà pé ìrù kan kò tó o. Ará Pẹ́rù kan wà tí ó ń ní òun ti di asado, ẹran sísun, bí inú bá ń bí i. Ní ọjọ́ tí oríire bá sì sá fún un, a ní òun ti di piña, ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Guayabo ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Igi gúáfà ni. Ará Kòlóńbíà ń lò ó fún orí fífọ́ àti ara wúwo tí ọtí àná fi sílẹ̀. Ará Fẹnẹsúélà ń lò ó fún ọgbẹ́ ọkàn ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ Fẹnẹsúélà kan jókòó sí ilé ìdáná, kò lè jẹun, ó ní guayabo ni ó ń ṣe òun. Ọmọ Kòlóńbíà bu omi tútù fún un, ó ní kí ó mu ún, kí ó lọ sùn, pé yóò ti fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Díẹ̀ ni ó kù kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ilẹ̀ àwọn méjèèjì pààlà, igi kan náà ni wọ́n sì ń dárúkọ, ṣùgbọ́n èso ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ká lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Kò kọ́ mi. Mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí ọmọdé tí ń kó owó ẹyọ ilẹ̀ òkèèrè jọ sínú agolo, n kò sì bi ara mi léèrè pé owó tí à ń ná ní ìlú kan, ṣé ó ṣeé ná ní ìlú kejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni mo dé Regla. Òdìkejì omi sí àárín Havana, olú ìlú Kúbà, ni Regla wà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ó ń gbé ènìyàn sọdá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà létí omi níbẹ̀ tí ère Màríà inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn olórìṣà Lùkùmí, tí wọ́n jogún ẹ̀sìn àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, mọ̀ ọ́n sí Yemọja. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣẹ́ kù lẹ́nu wọn ni mo wá gbọ́. Ìyá àgbà kan tí òun náà jẹ́ olórìṣà ni ó gbà mí sílé. Abuela, ìyẹn ìyá àgbà, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń pè mí ní ọmọ rẹ̀.

Kò lè sọ Yorùbá bí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í mọ́ kí ó má wí pé moyugba, èyí tí í ṣe mo júbà. Bí ẹ̀ẹ́rìndínlógún bá sọ ire, iré ni ó ń pè é. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé aché, àṣẹ tiwa, ti jáde kúrò nínú ilé òrìṣà, ó ti gba ìgboro. Awakọ̀ tí kò tẹ ojúbọ rí ń lò ó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí oúnjẹ, tí ẹnu rẹ̀ dùn láàrin ẹgbẹ́, tí nǹkan sì ń bọ́ sí i fún rere, wọn a ní ó ní aché. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dára fún ọ, wọn a ní kí aché jẹ́ tìrẹ.

Ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo gbọ́ ní Kúbà fún Yorùbá. Mo ní asere, tí wọ́n fi ń pe ọ̀rẹ́, tiwa ni. Mo ní chévere, tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dára, tiwa ni pẹ̀lú. Bàbá kan tí ó ń tún bàtà ṣe ní òpópónà wa gbọ́ mi títí, ó wá dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́. Ó ní asere wá láti ẹnu àwọn Abakuá, ẹgbẹ́ awo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Regla yìí gan-an ní 1836, Calabar àti agbègbè rẹ̀ sì ni orírun wọn, kì í ṣe ilẹ̀ Lùkùmí. Ó ní orúkọ oyè kan wà láàrin wọn tí a ń gbọ́ chévere nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ó wá bi mí pé, bí èmi kò bá jẹ́ kí aládùúgbò mi ní tirẹ̀, ta ni yóò gbà fún mi pé aché jẹ́ tèmi? N kò rí èsì kankan fọ̀. Àjèjì lójú, kò fi ríran.

Ìyá àgbà ní ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù sí i lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Nikarágúà ti sọ pé ọmọ Kúbà kò nílò físà mọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá rí owó ọkọ̀ òfuurufú lè balẹ̀ sí Managua, kí ó sì máa fi bọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ lọ sí ìhà àríwá títí yóò fi dé ibodè Amẹ́ríkà. Ọ̀nà náà jìn, ó sì léwu, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti oògùn ti wọ́n gógó ní Kúbà. Nínú ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà tí ó parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìgbà tí ó lé ní 220,000 ni àwọn aṣọ́bodè ka ọmọ Kúbà mọ́ ibodè tí Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò pa. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà fẹ́ bá wọn lọ. Wọ́n ti ta fìríìjì ilé àti ibùsùn rẹ̀ láti fi dí owó ọkọ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ. A dúró yí i ká nínú pálọ̀ kékeré náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ wò, ó ní ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá pápákọ̀ òfuurufú yóò fi rò pé búrẹ́dì ni òun fẹ́ lọ rà. Bí wọ́n bá sì bi òun, òun yóò sọ fún wọn pé ìlà tí à ń tò fún búrẹ́dì ni ó gùn dé Miami. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó wù mí láti yin ọmọ náà fún bí ó ṣe tu gbogbo wa nínú. Ọ̀rọ̀ tí ó sì wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí mo ti fi báírò pupa fàlà sí. Mo gbá a léjìká, mo ké pé: “¡Qué salao eres!”

Ẹ̀rín náà kú bí iná tí a da omi sí. Aládùúgbò kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. Ìyá àgbà kò wò mí. Ìlẹ̀kùn ni ó ń wò, bí ẹni pé ohun kan ti gba ibẹ̀ wọlé.

Ní Kúbà, salao ni ẹni tí orí burúkú ń bá jà, ẹni tí ohunkóhun tí ó bá dáwọ́ lé kì í yọrí. Ernest Hemingway kọ ìwé kan nípa arúgbó apẹja ará Kúbà, ìwé náà jáde ní 1952. Apẹja yìí ti lo ọjọ́ 84 láìrí ẹja kan mú, àwọn òbí ọmọdékùnrin tí ó ń bá a lọ sójú omi sì ti pè é ní salao. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo ti ka ìwé yẹn nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ojú mi rí ọ̀rọ̀ náà, etí mi ni kò gbọ́ ọ. Iyọ̀ kan náà ni. Ní Madrid, wọ́n rántí ọbẹ̀. Ní Regla, tí òkun yí ká, wọ́n lè rántí ilẹ̀ tí iyọ̀ bà lé tí kò hu nǹkan kan mọ́. Èmi ni mo sì mú un, tí mo fi kan ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́nu, lójú ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn baba wa sọ pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Mo ní Madrid ni mo ti gbọ́ ọ, mo ní ohun rere ni wọ́n ń fi í sọ níbẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ mi tán. Ó wí pé: “Ọmọ mi, Madrid kọ́ ni a wà. Ṣùgbọ́n o ní ẹnu mìíràn. Fi ẹnu ilé rẹ bá a sọ̀rọ̀.” Ó wọlé, ó bu omi tútù wá, omi tutu ni ó pè é, ó sì ta á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọkùnrin náà. N kò tíì fi tọkàntọkàn wúre fún ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí orí rẹ̀ sìn ín lọ, kí ó sì sìn ín dé. Mo ní kí ọ̀nà tutù fún un, kí ó má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo ní kí ire owó, ire ìlera àti ire ọ̀rẹ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ìyá àgbà kò gbọ́ àwọn gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ire, ó ń gbọ́ ọ̀nà, ó ń gbọ́ orí, ó sì ń fi orí fọhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wí pé àṣẹ, ó wí pé aché, gbogbo ilé sì gbè é. Ara tù wọ́n díẹ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu.

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán ni òye ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹni tí ará Madrid ń pè ní oníyọ̀, ẹni dídùn, ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ bá jókòó, òun gan-an ni ará Kúbà ń pè ní ẹni tí ó ní aché. Ìjókòó tí iyọ̀ fi sílẹ̀ lẹ́nu wọn, àṣẹ ni ó gorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá láti fi yin ọmọ náà ti wà lẹ́nu mi kí n tó kúrò nílé bàbá mi. Mo pa á tì, mo lọ yá ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹta ni a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù láti Managua. Ó ní gbogbo nǹkan tuanis. Ọ̀rọ̀ Nikarágúà ni, ohun tí ó dára ni. Kò pẹ́ tí ó tún fi ránṣẹ́ pé àwọn èrò ibùdókọ̀ arrecho gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí láti Madrid: ní Nikarágúà àti Fẹnẹsúélà, ẹni tí inú ń bí ni arrecho, ní Santander ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, akíkanjú tí kì í bẹ̀rù iṣẹ́ ni, ní Pẹ́rù, ẹni tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ń gùn ni. Gbòǹgbò Látìnì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti yọ, ohun tí ó nàró ṣánṣán. Mo sọ èyí tí ó bójú mu fún ìyá àgbà, mo sì fi ìyókù sílẹ̀.

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí ọmọ òun fi ń sọ̀rọ̀ bí ará ibòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan péré. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó dá a lóhùn nínú ìránṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má jẹ́ kí ohùn Kúbà jáde nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ní àjèjì ni wọ́n ń jà lólè. Nítorí náà, bí inú rẹ̀ bá dùn, ó ní láti dùn bí ti onílẹ̀. Bí ó bá ń bínú, ìbínú onílẹ̀ ni yóò bí. Èmi tí mo ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ìgbádùn, mo ti ìwé àkọsílẹ̀ mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn èyí ni ó dé Tapachula, ìlú Mẹ́síkò kan tí kò jìnnà sí ibodè Guatemala. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún arìnrìn-àjò ti máa ń dúró de ìwé ìyọ̀ǹda. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ wọlé, ó rẹlẹ̀. Ó ní òun ti di agüitado. Kí n tó ronú, ìyá àgbà ti dìde, ó di etí tábìlì mú. Agua, ìyẹn omi, ni ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń béèrè pé: “Omi? Omi wo?” Ó ti gbọ́ pé odò kan wà láàrin Guatemala àti Mẹ́síkò, Suchiate ni orúkọ rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń fi táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí sọdá. Èmi náà kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ti ń pe ọmọ Mẹ́síkò kan tí a jọ gbé Madrid. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀ rárá; ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, tí ìbànújẹ́ mú, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́síkò. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní: “Ìbànújẹ́ lásán ni!” A sì dúpẹ́, àwa méjèèjì, pé inú ọmọ náà kò dùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ jáde. Ó pariwo sí fóònù pé: “¡Qué padre!” Ìyá àgbà ní bàbá wo? Bàbá ọmọ náà ti fi wọ́n sílẹ̀ ó ti pẹ́. Mo ṣàlàyé pé àwọn ará Mẹ́síkò ni wọ́n ń fi bàbá pe ohun tí ó wù wọ́n. Ó mi orí. Ó ní wọn kò mọ èyí tí ó bí ọmọ tirẹ̀ nìyẹn. Mo rántí pé lọ́dọ̀ tiwa ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti máa mú ẹnu mi ní sùúrù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. N kò gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kan lè yí kádàrá ènìyàn padà. Bí ẹ bá bi mí ní ọ̀sán gangan, ohun tí n óò sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní òru, salao ni mo ń gbọ́. Ìyá àgbà kò mẹ́nu bà á rí. Àwo iyọ̀ máa ń wà lórí tábìlì láàrin àwa méjèèjì nígbà oúnjẹ. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ, n kò na ọwọ́ sí i mọ́. Bí ọbẹ̀ ti rí ni mo ń jẹ ẹ́. Òun náà rí mi, kò sọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, ohùn náà dé láti Miami. Ó ní: “Abuela, ya llegué. Tengo tremendo gorrión.” Ìyá àgbà, mo ti dé, ológoṣẹ́ ńlá kan wà lára mi. Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, ó ní kí n tún un ṣe kí òun tún gbọ́, mo sì tún un ṣe nígbà mẹ́ta.

Gorrión ni ológoṣẹ́, ẹyẹ kékeré tí ń gbé òrùlé ẹni. Ẹyẹ náà kì í ṣe ẹyẹ Kúbà tẹ́lẹ̀. Láti Sípéènì ni a ti kó o wá sí ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́nu ọmọ Kúbà, àárò ilé ni gorrión, ìbànújẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ wà níbìkan, tí ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Mo bi ìyá àgbà léèrè pé ọmọ rẹ̀ ní àárò ń pa òun, kí ni ohun ẹ̀rín níbẹ̀? Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ni mo béèrè. Ó ní: “O kò gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́?”

Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Agüitado lè gba ọ̀rọ̀ yẹn sọ, bẹ́ẹ̀ ni tristeza inú ìwé wa ní Madrid. Ọmọ náà kò mú ọ̀kankan nínú wọn. Ó ti rin ilẹ̀ mẹ́rin kọjá pẹ̀lú ayọ̀ àyálò àti ìbínú àyálò lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí ẹ̀rù kò bà á mọ́, ìbànújẹ́ ilé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé wọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà kò nílò kí ó sọ fún òun pé ara rẹ̀ dá. Ó ti gbọ́ ọ nínú orúkọ ẹyẹ.

A jẹun ọ̀sán pẹ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde, gbogbo wọn ń sọ pé aché, aché. Ìyá àgbà bu ẹ̀wà dúdú àti ìrẹsì fún mi, ó wò mí bí mo ti fi ṣíbí kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó rọra ti àwo iyọ̀ sí iwájú mi.

Ó ní: “Bù ú sí i, ọmọ mi. Ẹ̀wà náà tẹ́.”